Ọ̀dọ̀ Ta Lo Dé Sí? Ètò Ibùwọ̀ àti Ìrìn-Àjò Ẹsẹ̀ Agẹmọ ní Àríwá Ìjẹ̀bú

Ìfáárà

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, ọkọ̀ tí mo wọ̀ láti Ìbàdàn bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Aago mẹ́wàá ti kọjá kí n tó sọ̀ kalẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè. Ilé-ìtura tí mo ti bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù ti ti ìlẹ̀kùn, ẹni tí ó ní òun yóò dúró dè mí kò sì gbé ìpè mi mọ́. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó ń palẹ̀ àtẹ rẹ̀ mọ́ lẹ́bàá títì wò mí títí, ó ní, "Ọ̀dọ̀ ta lo dé sí, ọmọ mi?" Kò béèrè ibi tí mo ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò béèrè ohun tí mo wá ṣe. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ pé n kò dé sí ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, ó ní kí n gbé àpò mi kí n máa tẹ̀ lé òun, nítorí wọ́n ti kéde pé Agẹmọ yóò kọjá, obìnrin kò sì gbọdọ̀ wà lójú ọ̀nà. Orí ẹní tí ó tẹ́ fún mi ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ tí àròkọ yìí dá lé.

Àwọn onímọ̀ ti kọ púpọ̀ nípa Agẹmọ. Oyin Ogunba kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Nigeria Magazine ní 1965. Ní ọdún yẹn kan náà ni eré onítàn Wole Soyinka, The Road, jáde, ewì tí ó sì ṣáájú eré náà ń jẹ́ "Alagemo". Margaret Thompson Drewal, nínú ìwé rẹ̀ Yoruba Ritual tí ó jáde ní 1992, fi ìrìn-àjò ṣe òpó tí ó gbé àlàyé rẹ̀ nípa ètùtù Yorùbá dúró, ó sì lo Agẹmọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àpẹẹrẹ rẹ̀. Ijó, oríkì, èèwọ̀ àti àṣẹ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọ̀nyí tẹjú mọ́. Ohun tí mo fẹ́ tẹjú mọ́ níhìn-ín kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ni ó mú ìrìn-àjò náà ṣeé rìn: ta ni yóò gba ẹni tí ilẹ̀ ṣú sí lọ́nà, ta ni yóò sì ti wà nínú ilé kí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ tó kan ilẹ̀? Èrò mi ni pé, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ètò ibùwọ̀ kì í ṣe ohun tí a fi kún ìrìn-àjò mímọ́. Apá kan ìrìn-àjò náà ni. Bí a bá sì wò ó dáadáa, a ó rí i pé àwọn tí ètò náà wúwo lé lórí jù lọ ni àwọn tí kò tilẹ̀ rìn.

Àwọn arìnrìn-àjò àti àwọn onílé

Agẹmọ mẹ́rìndínlógún ni a máa ń kà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, oníkálukú pẹ̀lú orúkọ oyè rẹ̀ àti ìlú rẹ̀. Lọ́dọọdún, nígbà òjò, tí ó sábà máa ń bọ́ sí oṣù Keje, wọ́n máa ń gbéra láti ìlú wọn, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn, ẹrù á wà lórí, títí wọn yóò fi péjọ sí Ìmòsán, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òdé. Lára wọn ni Tami ti Òdogbolú, Petu ti Ìsìwò, Lásẹ́n ti Òrù, Lúbámisán àti Ìdòbì ti Àgọ́-Ìwòyè, àti Pósà àti Ìjá ti Ìmòsán fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ ka àwọn orúkọ ìlú wọ̀nyí, nítorí wọ́n sọ nǹkan fún wa. Láti Àgọ́-Ìwòyè sí Ìjẹ̀bú-Òdé kò pé 20 kìlómítà. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí kò ru nǹkan kan, lè rìn ín láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ru ẹrù tí kò gbọdọ̀ kanlẹ̀ bó ṣe wù ú, tí ó ní ibi tí ó gbọ́dọ̀ dúró sí àti ẹni tí ó gbọ́dọ̀ kí, kò lè fi bí ẹsẹ̀ ṣe yá tó díwọ̀n ọ̀nà. Òdogbolú sún mọ́ Ìmòsán ju Àgọ́-Ìwòyè lọ. Pósà àti Ìjá kò ní ọ̀nà kankan láti rìn wá, nítorí ilé wọn ni àwọn yòókù ń bọ̀. Bí gbogbo wọn yóò bá pàdé ní àkókò kan náà, a ní láti ka ọjọ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú: a mú ọjọ́ ìpàdé, a yọ ọjọ́ ìrìn kúrò, ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jìn yóò sì kọ́kọ́ kúrò nílé. Ohun tí à ń pè ní ètò ìrìn-àjò lónìí, tí a ń kọ sínú fóònù, orí àti ìka ọwọ́ ni àwọn baba wa fi ń ṣe é.

Nínú ìṣírò yìí ni ipò onílé ti hàn. Láàárín àwọn mẹ́rìndínlógún, àwọn kan jẹ́ àlejò, àwọn kan jẹ́ ẹni tí ń gbàlejò. Àwọn onílé kì í jókòó lásán. Kí àlejò tó dé ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ wẹ ilé mọ́, kí wọ́n wá omi àti oúnjẹ, kí wọ́n sì mọ igun tí oníkálukú yóò gbẹ́rù sí. Bí àlejò bá pẹ́ dé, onílé kò lè sùn. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń ka Pósà mọ́ àwọn tí ó "ń rìn" ìrìn-àjò Agẹmọ, kì í ṣe àṣìṣe. Dídúró de ẹni tí ń bọ̀ jẹ́ ìdajì ìrìn náà.

Ọ̀nà tí kò mọ àlejò

Ìdí tí ibùwọ̀ fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ wà nínú ìtàn ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ilẹ̀ yìí ti pẹ́ tí ó ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 16, Duarte Pacheco Pereira, ará Potogí, kọ̀wé nípa ìlú ńlá kan tí ó pè ní Geebuu, tí yàrà ńlá yí ká, tí orúkọ alákòóso rẹ̀ sì ń jẹ́ Agusale. Kò ṣòro fún wa láti dá Ìjẹ̀bú àti Awùjalẹ̀ mọ̀ nínú àkọsílẹ̀ àjèjì yẹn. Yàrà tí à ń pè ní Erédò Súngbọ́, tí Peter Lloyd kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1959, tí Patrick Darling sì tún wọ̀n ní àwọn ọdún 1990, gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Ní àwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà títí dé orí òkìtì rẹ̀ ga tó 20 mítà. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tí wọ́n torí rẹ̀ gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ohun kan dájú nípa yàrà tí ó jìn tó bẹ́ẹ̀: kò sí ẹni tí yóò gbà á kọjá láìmọ ibi tí ẹnu ọ̀nà wà.

Ní ọ̀rúndún 19, àwọn oníbodè ni ó ń ṣọ́ ọ̀nà. Àwọn Ìjẹ̀bú ni wọ́n wà láàárín Èkó àti Ìbàdàn, wọn kò sì fẹ́ kí àjèjì gba ilẹ̀ wọn kọjá, ìbáà ṣe oníṣòwò, ìbáà ṣe oníwàásù. Ẹni tí ó bá wọlé gbọ́dọ̀ ní ẹnìkan tí yóò jẹ́wọ́ rẹ̀. Ìtàn kan fi èyí hàn kedere. Ní 1865, nígbà tí ogun Ìjàyè àti àtúbọ̀tán rẹ̀ ti dí ọ̀nà, tí ìyà sì ń jẹ Anna Hinderer àti ọkọ rẹ̀, àwọn oníwàásù ìjọ CMS ní Ìbàdàn, Glover tí ó ń ṣàkóso Èkó rán Captain Maxwell pẹ̀lú àwọn ọkùnrin kan láti gba inú igbó ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ gbé wọn. Ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, kánmọ́kánmọ́ ni wọ́n sì gbé Anna Hinderer padà lọ sí etí ọ̀sà. Wọn kò lè ṣe é lọ́nà mìíràn. Ẹni tí kò ní onílé kò lè dúró, kò sì lè jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú òun sí ìlú. Sísá ni ibùwọ̀ rẹ̀.

Ìrìn àwọn Agẹmọ yàtọ̀ pátápátá sí ìyẹn. Ilẹ̀ kan náà ni, igbó kan náà ni, ṣùgbọ́n ìkankan kì í sí lẹ́sẹ̀ àwọn tí ń ru ẹrù. Wọ́n ń rìn nítorí pé gbogbo ìlú tí ó wà lójú ọ̀nà mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín arìnrìn-àjò mímọ́ àti ẹni tí ń sá ni pé ẹnìkan ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ de ẹni àkọ́kọ́.

Ogun Ìmàgbọ̀n ti oṣù Karùn-ún, 1892, ṣí ọ̀nà ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tipátipá. Àwọn oníwàásù wọlé, ìsìn Kírísítì àti Ìsìláàmù gbilẹ̀ kíákíá, agbára àwọn oníbodè sì tán. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ìyá alátẹ bi mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn fi hàn pé òfin àtijọ́ kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn.

Àgọ́, ogun àti ibùsùn

Kò yẹ kí a gbójú fo orúkọ ìlú tí ìtàn wa ti bẹ̀rẹ̀. Àgọ́ ni ibi tí ènìyàn ń wọ̀ sí nígbà tí ilé rẹ̀ kò sí nítòsí. Àgọ́-Ìwòyè jẹ́ àkójọpọ̀ àwọn ìlú méje tí ìjà àti ogun ọ̀rúndún 19 kó jọ sójú kan, lábẹ́ ọba tí a mọ̀ lónìí sí Ẹ̀bùmáwé. Ìlú tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibùwọ̀ ni. Òrù tí ó wà nítòsí rẹ̀ náà di ibùdó ogun nígbà Kírìjì, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú pàgọ́ síbẹ̀ láti dojú kọ àwọn Ìbàdàn. Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú Orímolúsì, náà jẹ́ àpapọ̀ àdúgbò márùn-ún: Òkè-Ṣópin, Ojówó, Àtìkòrì, Òkè-Àgbò àti Jàpàrà. Nínú irú àwọn ìlú alápapọ̀ báyìí, kò tó kí àlejò sọ pé òun dé sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọn yóò bi í pé àdúgbò wo, ilé ta.

Fún àwọn ará etí ọ̀sà, ní agbègbè tí ó di Ìjọba Ìbílẹ̀ Ogun Waterside lónìí, ọ̀rọ̀ náà tún nípọn sí i. Láti Àbígí, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà, dé Ìjẹ̀bú-Òdé ju 60 kìlómítà lọ. Ní ayé ọkọ̀ ojú omi, ìrìn ọjọ́ kan kò lè gbé ẹnikẹ́ni ti etí omi dé àárín ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta ẹja tàbí kí ó wo ọdún gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀, kí ó gúnlẹ̀, kí ó sùn, kí ó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn. Alẹ́ tí ó ṣáájú ìrìn ni ó ń pinnu bí ìrìn yóò ṣe rí. Bí kò bá rí ibi sùn sí ní èbúté, àárẹ̀ ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìdílé tí ó ní ará àti àna káàkiri èbúté fi ní ọrọ̀ tí a kò lè kà bí owó: ibi gbogbo ni ilẹ̀ lè ṣú wọn sí.

Ìfiwéra kan láti ọ̀nà jíjìn

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni ìṣòro yìí ti wáyé. Ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, àwọn onígbàgbọ́ láti gbogbo Yúróòpù ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Santiago de Compostela fún ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Ìwé atọ́nà kan tí wọ́n kọ fún wọn ní ọ̀rúndún 12, tí ó jẹ́ apá karùn-ún Codex Calixtinus, pín ọ̀nà sí ìrìn ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan, ó sọ odò tí omi rẹ̀ dára àti èyí tí kò dára, ó sì yin àwọn ilé ìgbàlejò tí wọ́n kọ́ fún àwọn arìnrìn-àjò. Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé ìgbàlejò tí ó wà lójú ọ̀nà náà máa ń ti ìlẹ̀kùn ní aago mẹ́wàá alẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ọkọ̀ òfuurufú tàbí ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ yóò bá pẹ́ gúnlẹ̀ gbọ́dọ̀ ti sanwó ibùsùn sí ibòmíràn kí ó tó kúrò nílé.

Ìyàtọ̀ méjì ló ṣe kókó. Níbẹ̀, wọ́n kọ ètò náà sínú ìwé, ẹnikẹ́ni tí ó bá lè kà á lè rìn. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, inú àwọn ènìyàn ni ètò náà wà, ẹni tí ó bá ní ènìyàn ni ó lè rìn. Èkejì ni pé ọ̀nà Santiago kò lé ẹnikẹ́ni kúrò lójú títì. Arìnrìn-àjò ń kọjá, alájàpá ń kọjá, ìyàwó ilé ń kọjá. Ọ̀nà Agẹmọ kò rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wa ti dé ojú egbò.

Àwọn tí kò gbọdọ̀ rìn

Obìnrin kò gbọdọ̀ rí Agẹmọ àti ẹrù rẹ̀. Gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú ni ó mọ èyí láti kékeré. Ṣùgbọ́n àwa òpìtàn sábà máa ń kọ èèwọ̀ náà sílẹ̀ nínú gbólóhùn kan, a ó sì kọjá lọ, bí ẹni pé wíwà nínú ilé kò gba iṣẹ́ kankan. Iṣẹ́ ni. Kí obìnrin tó lè wà nínú ilé nígbà tí Agẹmọ bá ń kọjá, ó ti gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́, ó ti gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà, ó ti gbọ́dọ̀ pọnmi, kí ó ra èlò ọbẹ̀, kí ó sì kó àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ jọ. Alájàpá tí ó ń ti Ìjẹ̀bú-Igbó gba Òrù lọ sí ọjà Ìjẹ̀bú-Òdé ti gbọ́dọ̀ pinnu bóyá òun yóò lọ lánàá kí òun sùn síbẹ̀, tàbí kí òun sún ọjà síwájú. Ìṣírò ọjọ́ tí Lásẹ́n ṣe ní Òrù kí ó tó gbé ẹrù, obìnrin tí kò ní ru ẹrù yẹn láéláé ti ṣe irú rẹ̀ nínú ilé ìdáná rẹ̀. Bí a bá ní kí a wá ìtàn ètò ìrìn-àjò Agẹmọ, ọwọ́ àwọn obìnrin ni ìdajì rẹ̀ wà, kò sì sí ẹni tí ó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ní ayé àtijọ́, ètò yìí ṣeé ṣe nítorí pé ẹni tí ó wà ní ìlú mọ ìlú. Ní ayé ìsinsìnyí, ìlú ti yí padà. Láti 1982 ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn ti wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Láti 2001 ni a ti ń pè é ní Yunifásítì Olabisi Onabanjo. Akẹ́kọ̀ọ́ ń wá láti ibi gbogbo ní Nàìjíríà. Nọ́ọ̀sì ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní òru. Ọkọ̀ láti Èkó ń já èrò sílẹ̀ ní aago mọ́kànlá. Ọmọbìnrin tí ó ti Kàdúná wá kò gbọ́ ìkéde tí wọ́n fi èdè Ìjẹ̀bú ṣe, kò sì ní ẹ̀gbọ́n ìyá ní Òrù tí yóò sọ fún un. Òun gan-an ni àlejò tí ilẹ̀ ṣú sí lọ́nà. Ètò tí ó ń dáàbò bo ọmọ ìlú lè di ìdẹkùn fún un, láìsí pé ẹnikẹ́ni gbèrò ibi sí i.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 dá ẹ̀tọ́ méjèèjì mọ̀. Abala 38 fún olúkúlùkù ní òmìnira láti ṣe ẹ̀sìn rẹ̀ ní gbangba àti ní ìkọ̀kọ̀. Abala 41 fún ọmọ Nàìjíríà ní òmìnira láti lọ síbi tí ó bá wù ú. Àwọn kan rò pé ilé ẹjọ́ ni yóò yanjú ìjà tí ó wà láàárín méjèèjì, àwọn kan sì rò pé àṣà kò gbọdọ̀ dá òfin lóhùn rárá. Èmi kò kẹ́gàn òfin, ṣùgbọ́n mo rò pé ìtàn tí mo ti sọ bọ̀ yìí ní nǹkan láti fi kún un. Nínú àṣà Agẹmọ fúnra rẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọ̀nà ṣófo fún òun ní gbèsè kan lọ́rùn: ó gbọ́dọ̀ rí i dájú pé àwọn tí ó lé kúrò lójú ọ̀nà ní ibi tí wọn yóò wọ̀ sí. Kò sí èèwọ̀ tí ó dúró láìsí onílé.

Àgbálọgbábọ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìrìn-àjò ẹsẹ̀ àwọn Agẹmọ láti Àgọ́-Ìwòyè, Òrù àti àwọn ìlú yòókù sí Ìmòsán kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹrù bá dé orí. Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá ń ka ọjọ́, tí a bá ń wá onílé, tí obìnrin bá ń pọnmi pamọ́. Ilẹ̀ tí yàrà àti oníbodè ṣọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ni ó kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ pé ọ̀nà àti ibùwọ̀ kò ṣeé yà nípá.

Iṣẹ́ méjì ni èyí gbé síwájú wa. Èkíní jẹ́ ti àwa olùwádìí: kí a lọ bá àwọn ìyá ní Àgọ́-Ìwòyè, Òrù àti Ìjẹ̀bú-Igbó nígbà tí wọ́n ṣì wà, kí a bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣètò àkókò Agẹmọ, ẹni tí wọ́n gbà sílé, àti ẹni tí ó gbà wọ́n. Èkejì jẹ́ ti àwọn olórí ìlú, àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn onímọ́tò: kí ìkéde ọjọ́ àti ọ̀nà dé etí àjèjì ní èdè tí ó gbọ́ kí ó tó wọkọ̀, kí ilé kan sì wà ní gáréèjì kọ̀ọ̀kan tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ kò ní tì ní alẹ́ ọjọ́ wọ̀nyẹn. Èyí kò ba èèwọ̀ kankan jẹ́. Ohun tí ìyá alátẹ ṣe fún mi nìyẹn, òun nìkan, pẹ̀lú ẹní kan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a jókòó sínú yàrá rẹ̀, fèrèsé wà ní títì. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Nígbà tí ọ̀nà ṣí, ó sìn mí dé ojú títì, ó ní bí mo bá tún ń bọ̀, kí n má ṣe wá ilé-ìtura mọ́. Bí wọ́n bá bi mí ní ọ̀dọ̀ ẹni tí mo dé sí, kí n dárúkọ òun.